Ẹ Kanlẹ̀kùn, Kí Ẹ sì Dúró

Abu Shagara, Sharjah
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé àwọn ayálégbé yín ò yọ yín lẹ́nu jù? Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù páàtì mọ́tò tí mo wà ní Industrial Area, ooru nìkan ló fẹ́ yan wá bí àgbàdo. Tòhíbù ń kó ẹrù tó rà ní ọjà Deira ní Dubai bọ̀ ní Èkó lọ́sẹ̀ yìí, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè. Màmá, àwa méjèèjì mọ ara wa. Tí a bá gbé fóònù, ariwo la máa pa, ẹnì kan á sì pa fóònù mọ́ ẹnì kejì lẹ́nu. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́, kí ẹ lè kà á parí.

Ẹ rántí pé ilé tí èmi àti Janet ń gbé yìí, olówó kan ará ibí ló kọ́ ọ fi ṣe sàdákà. Owó rẹ̀ rọjú, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké bíi tiwa nìkan ni wọ́n ń yá a fún. Iléeṣẹ́ kan ló ń bá a bójú tó ilé náà, Ọ̀gbẹ́ni Fárís ni máníjà wọn. Janet ni ọmọ Iléṣà tí mo sọ fún yín, tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Bur Dubai. Òwúrọ̀ ló ń dé, ọ̀sán ló ń sùn.

Páìpù kan bẹ́ nínú ògiri ilé ìwẹ̀ wa láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí. Mo sọ, mo sọ, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi wà níbi iṣẹ́, Janet ń sùn, aṣọ péńpé kan báyìí ló wọ̀ torí ooru. Ló bá lajú, ló rí ọkùnrin méjì nínú yàrá! Wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ṣílẹ̀kùn wọlé. Wọn ò kanlẹ̀kùn, wọn ò pè, wọn ò kọ̀wé ṣáájú. Ó figbe ta, wọ́n ní páìpù làwọn wá tún ṣe.

Màmá, inú bí mi gan-an. Ọjọ́ kejì ni mo ra kọ́kọ́rọ́ tuntun, mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ti ẹnu ọ̀nà. Mo wá lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Fárís, mo ní: ẹ wá tún páìpù ṣe, àwa gan-an ló ń bẹ̀ yín kí ẹ wá, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wa kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, kí ẹ sì wá nígbà tí ọ̀kan nínú wa bá wà lójúfò. Ẹ kanlẹ̀kùn, kí ẹ sì dúró. Ó wò mí bí ẹni ń wo eṣinṣin. Ó ní ilé sàdákà ni, ṣé mo rò pé òtẹ́ẹ̀lì ni. Ọjọ́ kẹta ló kọ̀wé sí mi pé mò ń dí wọn lọ́wọ́ àtúnṣe.

Ẹ bá mi fi àdúrà sí i. Kí ẹ sì fi gàrí Ìjẹ̀bú rán Tòhíbù sí mi, èyí tó kan dáadáa. Ti ibí yìí dà bí ìyẹ̀fun lásán.

Ọmọ yín,
Shukurat


Adátán, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, 2025

Shukurat Àwẹ̀ró,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́. Tòhíbù jíṣẹ́. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà, bóyá ojú mi ló ń tàn mí jẹ. O pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé onílé! Háà! Ta ló bí ọ gan-an?

Èmi náà nílé. Ọpẹ́mipọ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn dá irú àṣà yẹn níjọ́sí. Ó ra àgádágodo tuntun kọ́ ilẹ̀kùn, kò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Mo ní kó bọ́ síta ká jọ wo ilé náà, kó fọwọ́ hàn mí búlọ́ọ̀kù tí òun tò síbẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti wá tọrọ àforíjì, kọ́kọ́rọ́ sì ti wà lọ́wọ́ mi. Ìwọ wá lọ sí ìlú onílùú, o ń ṣe ohun tí Ọpẹ́mipọ̀ ò láyà láti ṣe ní Adátán.

Ó dùn mí pé wọ́n bá ọmọ ọlọ́mọ lórí bẹ́ẹ̀dì, n kò sọ pé ó dáa. Ṣùgbọ́n ìyẹn ti kọjá. Wọ́n fi ilé ṣàánú yín, ẹ ń bá wọn fa ọ̀rọ̀, ṣé bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn? Dìde lọ bá ọkùnrin náà. Borí dáadáa, kúnlẹ̀, sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú." Kí ló máa ná ọ? Àbí orúnkún tìrẹ náà ti ń dùn ọ́ ni?

Kí o sì sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kì í ṣe pé ọkùnrin kan wà tí ẹ̀ ń fi pamọ́ sínú ilé yẹn, tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n rí?

Gàrí wà nínú báàgì Tòhíbù. Fi ìpara orúnkún aláwọ̀ ewé yẹn ránṣẹ́, ó ti tán.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò fẹ́ kí ojú tì ọ́.


Abu Shagara, Sharjah
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje, 2025

Màmá,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú. Gàrí yẹn kan débi pé Janet ń di ojú mu ún. Ìpara yín wà lọ́wọ́ Tòhíbù, méjì ni mo rà.

Kò sí ọkùnrin kankan. Ó dùn mí pé ìbéèrè tó wá sí yín lọ́kàn nìyẹn. Ọkùnrin tó wọnú ilé yìí kò ju àwọn méjì tí Ọ̀gbẹ́ni Fárís fún ní kọ́kọ́rọ́ lọ.

Mi ò ní bẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ́ n là á mọ́lẹ̀ kó lè yé yín. Tí mo bá kúnlẹ̀ fún un lónìí, lọ́la wọ́n á tún gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé bá Janet. Láti ọjọ́ náà, kò sun oorun gidi mọ́. Tí lífítì bá ti dún, á ti dìde jókòó. Ojú pípọ́n ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi náà ò sì fipá bi í. Owó ilé rọjú, mo gbà, ṣùgbọ́n à ń san án, Màmá! Ilẹ̀kùn wà lára ohun tí à ń sanwó fún.

Kí ẹ má sì rò pé mi ò fẹ́ àtúnṣe. Mo ti kọ̀wé fún wọn léraléra, mo fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n lè wá. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo jókòó sílé bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, wọn ò yọjú. Omi ti ń kán sórí sítóòfù obìnrin ará India tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Ó gòkè wá fẹ́ bá mi jà. Mo fi gbogbo ohun tí mo kọ sí wọn hàn án, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn ní èdè rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Fárís wá ní tí mi ò bá mú kọ́kọ́rọ́ wá, àwọn ò ní tún kọ́ńtíráàkì wa ṣe tó bá parí ní oṣù kẹwàá. Ìyẹn ni pé ká kó jáde. Màmá, kò síbòmíì tí apá wa ká mọ́ tó nílẹ̀kùn tiẹ̀. Bedspace la ó padà sí, yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì ni ògiri.

Mo ti gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yanjú aáwọ̀ onílé àti ayálégbé. Inú oṣù kẹjọ ni wọ́n dá ọjọ́ ẹjọ́ fún wa. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pe ẹnikẹ́ni sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Shukurat yín


Abu Shagara, Sharjah
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ, 2025

Màmá,

Ẹ kú ọjọ́ díẹ̀. Tòhíbù dé lánàá, ó ní ẹ ò fún òun ní lẹ́tà. Ó ní ẹ kàn ní kí òun kí mi ni, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ yín. Tí ẹ bá ti dákẹ́, nǹkan kan lẹ̀ ń ṣe. Kí lẹ̀ ń ṣe?

Shukurat


Abu Shagara, Sharjah
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ, 2025

Màmá,

Mo kí yín. Mi ò mọ ìkíni mìíì tí mo lè fi kún un lónìí.

Alhájì Sàká! Nínú gbogbo èèyàn tó wà ní Deira!

Mo dé iwájú ìgbìmọ̀, àwọn mẹ́ta ló jókòó, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun kan ló wà láàárín. Wọ́n ní kí n sọ tẹnu mi. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ láìkọsẹ̀, ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀, mo sì rí i pé ó ń wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n wá kọjú sí Ọ̀gbẹ́ni Fárís. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, pé àwọn ẹbí mi fúnra wọn ti wá jẹ́wọ́ fún òun. Ó ní àgbàlagbà ará ìlú wa kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Deira gbé páálí dàbínù wá sí ọ́fíìsì òun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní kí òun forí jì mí, pé ọmọdé ló ń ṣe mí, pé ìyá mi ló rán òun níṣẹ́.

Àgbàlagbà onírùngbọ̀n yẹn yíjú sí mi. Ó ní ṣé mo mọ Alhájì Sàká? Mo ní mo mọ̀ wọ́n. Ó ní tí mi ò bá jẹ̀bi, kí ni ẹbí mi ń bẹ̀bẹ̀ fún? Èmi tí mo ti múra ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, mo dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Wọ́n sún ẹjọ́ sí oṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní kí Alhájì wá fúnra wọn wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀.

Mo ní kí ẹ má rán ẹnikẹ́ni! Mo kọ ọ́ gàdàgbà! Ọwọ́ ara yín lẹ fi gbé mi lé wọn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá lé wa jáde nílé yìí, ẹ̀yin lẹ lé wa. Ẹ jẹ́ n dá bíírò dúró níbí, kí n má baà kọ èyí tí ọmọ ò gbọdọ̀ kọ sí ìyá.

Shukurat


Adátán, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹjọ, 2025

Shukurat,

O kí mi bí ẹni ń kí ọlọ́pàá. Mo gbà á.

Mo rán Sàká. Èmi ni olùkọ́ rẹ̀ ní kíláàsì kejì, kò sì tíì kọ iṣẹ́ mi títí dòní. Ṣùgbọ́n n kò rán an láti lọ jẹ́wọ́ o! Ta ní ń jẹ́wọ́? O mọ bí a ṣe ń ṣe é. Nígbà ayé bàbá rẹ, tó bá ti ń bínú, bó jẹ̀bi bó jàre, a ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀, ká tó wá sọ fún un pé òun ló ṣìṣe. Bí gbogbo ọmọlúwàbí ṣe ń parí ìjà nìyẹn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ wọn, ṣebí Mùsùlùmí bíi tiwa ni wọ́n. Ká ní mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn á gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ ni, ǹ bá ní kí Sàká jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó jẹ dàbínù rẹ̀ lọ.

Ìbínú lẹ́tà rẹ ló mú mi gbé fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n lè jágbe mọ́ ọ dáadáa. Janet ló gbé e. Ó ní o lọ kírun, o gbàgbé fóònù sílé. Mo ní kó sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi látẹnu ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan, mà. Mo ní, "Ọmọ mi, mo tó ìyá rẹ í bí." Ló bá sọ ọ́.

Shukurat, àwọn ọkùnrin yẹn ò jáde nígbà tó kígbe. Ọ̀kan dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa sùn lọ, iṣẹ́ làwọn ń ṣe. Wọ́n ń wọn ògiri, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Gbogbo àkókò yẹn, òun ká jọ sábẹ́ aṣọ ìbora, kò lè dìde, torí kò sí aṣọ lára rẹ̀ tó lè fi dìde lójú ọkùnrin. Kò sọ èyí fún ọ, torí ó ní wàá lọ bá wọn jà, wọ́n á sì tì ọ́ mọ́lé. Ó ní kí n má sọ. Mo sì ti sọ ọ́.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mo pe Sàká. Mo ní ẹnu tó fi bẹ̀bẹ̀ ni yóò fi ṣàlàyé, pé tí n kò bá gbọ́ pé ó dé iwájú ìgbìmọ̀ yẹn, mo máa wọkọ̀ òfuurufú wá nà án bí mo ṣe ń nà án nígbà tó ń pẹ́ dé ilé ìwé. Àgbà Alhájì! Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá rẹ ni.


Abu Shagara, Sharjah
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú àárò mi. Fóònù ni mo fi ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́, mi ò lè dúró de Tòhíbù. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka tiyín, mo sunkún débi pé obìnrin tó jókòó tì mí fún mi ní tíṣù. Mo délé, mo dì mọ́ Janet. Ó ní kí ló dé, mo ní ìyá mi ni. Kò bi mí mọ́.

Alhájì Sàká wá o! Agbádá funfun, fìlà, tùràrí ń ta sánsán. Bàbá onírùngbọ̀n bi wọ́n pé, "Ṣé ọmọbìnrin yìí jẹ̀bi?"

Alhájì ní, "Rárá o."

"Kí lẹ wá bẹ̀bẹ̀ fún nígbà náà?"

"Ọ̀gbẹ́ni yìí ló ń bínú."

"Ẹ bẹ̀ ẹ́, nígbà tí ẹ mọ̀ pé kò jàre?"

Alhájì ní, "Ẹni tó ń bínú là ń bẹ̀ nílé wa, sà. A ò tíì dé ibi ẹjọ́."

Ògbufọ̀ náà túmọ̀ rẹ̀. Bàbá yẹn fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní bí àwọn bàbá tòun náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó wá kọjú sí Ọ̀gbẹ́ni Fárís, ó ní, "O gba dàbínù wọn?" Ó ní òun gbà á. "O jẹ ẹ́?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ìwé iwájú rẹ̀.

Wọ́n ní àwọn á dá ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n bí a ṣe jáde báyìí, Ọ̀gbẹ́ni Fárís fa Alhájì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n wá sí ọ́fíìsì òun lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n sọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ òun pé kí òun má bínú, kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí n sì fa ẹjọ́ sẹ́yìn. Òun á fún wa ní kọ́ńtíráàkì ọdún méjì, khalas, ọ̀rọ̀ parí. Alhájì ní kí n gbà á. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ lè dá iléeṣẹ́ náà láre, ká wá pàdánù ilé. Ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo bi Janet, ó ní ohun tí mo bá ṣe ló dáa. Ó ti di ẹrù rẹ̀ díẹ̀ sínú báàgì.

Alhájì ní àwọn á pè yín, kí ẹ pàṣẹ fún mi.

Màmá, tí ẹ bá ní kí n lọ, mi ò ní lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ má ní kí n lọ.

Shukurat yín


Adátán, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án, 2025

Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Ọpẹ́mipọ̀ ló ń bá mi fi fóònù ya èyí, torí Jímọ̀ ti ń sún mọ́lé.

Sàká ti pè mí. Ó ní, "Mà, ẹ bá wa dá sí i." Mo ní kó lọ sọ fún Fárís pé ẹ̀bẹ̀ tí a ní nílé ti tán, ó ti bá dàbínù lọ. Ó ní, "Mà, ọmọ yín lágídí o." Mo ní kò tíì rí nǹkan kan.

Má lọ. Tí wọ́n bá dá a fún wọn, ẹ kó ẹrù yín, kí ẹ jáde lórí ìdúró. Kí ni ọmọ èèyàn fẹ́ fi ilé tí kò lè sùn sí ṣe? Kí Jímọ̀ dé, kó kọjá, máa ṣe iṣẹ́ rẹ.

Kí o sọ fún Janet pé mo ti tú àṣírí rẹ̀. Tó bá ń bínú, èmi ni yóò bẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ


Abu Shagara, Sharjah
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá, 2025

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú àdúrà, ẹ kú àfẹnukò pẹ̀lú mi. Mi ò lọ.

Ìgbìmọ̀ dá ẹjọ́. Wọ́n ní iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí wa ṣáájú, kí wọ́n tó wá, kí ó sì jẹ́ ìgbà tí a bá wà nílé tí a sì gbà. Wọn ò gbọdọ̀ torí ẹjọ́ yìí kọ kọ́ńtíráàkì fún wa. Èmi náà jẹ̀bi ibì kan: mi ò béèrè kí n tó yọ kọ́kọ́rọ́ wọn, wọ́n ní kí n san owó rẹ̀. Mo san án tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọ̀gbẹ́ni Fárís ò kí mi. Èmi náà ò kí i.

Wọ́n kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ lánàá, Sátidé. A wà nílé. Wọ́n kanlẹ̀kùn. Janet yọjú níbi ihò ilẹ̀kùn, ó ní ọ̀kan nínú àwọn méjì ìjọ́sí ló dúró síwájú, àpótí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ ṣí i, Janet fà mí láṣọ sẹ́yìn. Wọ́n tún kàn án. Wọ́n ní oníṣẹ́ páìpù ni, mà. Janet lọ bọ́jú. Ó wá aṣọ wọ̀, ó tún bọ́ ọ, ó wọ òmíì. Ó di gèlè rẹ̀ níwájú dígí bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Janet, wọ́n ń dúró o." Ó ní, "Kí wọ́n dúró."

Ó wá síbi ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́, kò yí i. À ń gbọ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀ níta. Ẹnì kan húkọ́. Kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

Ìgbà tó wù ú ló ṣí i.

Ọmọ yín,
Shukurat